Bátìrì Tó Ṣì Ń Gbé Dróònù Fò, Ṣé Ó Ṣeé Gbé Sùn Nínú Ilé?

Àwọn tó ń lo dróònù ní Banigbé àti káàkiri kọ́múnù Ifangni kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro àwọn ará Kútọnu àti ará Èkó ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ayàwòrán tó ń ya ìgbéyàwó láti òkè, awọnlẹ̀ tó fẹ́ fi àwòrán yanjú ọ̀rọ̀ ààlà, ẹni tó fẹ́ wo bí oko ọ̀pẹ rẹ̀ ṣe rí láìfẹsẹ̀ rìn ín já: kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ní bátìrì kan lọ́wọ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó ṣì ń gba iná, tó ṣì ń gbé dróònù kúrò nílẹ̀, àmọ́ tí kì í pẹ́ lókè mọ́. Bátìrì tuntun wọ́n. Fún dróònù bíi Phantom 4 àti Mavic Pro, tí ilé iṣẹ́ DJI gbé méjèèjì jáde ní 2016, ojúlówó rẹ̀ tún ṣòro láti rí rà. Ni oníkálukú bá ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé kí n máa lò ó lọ ni, àbí kí n pa á tì?

Ìdáhùn pọ̀ nílẹ̀. Àwọn kan ní kí a ka iye ìgbà tó ti gba iná. Àwọn kan ní kí a wò ó bóyá ó wú. Àwọn mìíràn ní kí a wọn fóòtì rẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé bí ó bá ṣáà ti ń fò, kó máa fò. Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n dì pọ̀ bí ẹyọ kan. Ṣé bátìrì yìí ṣì lágbára? Ṣé ó ṣì ṣeé sún mọ́ láìséwu? Bátìrì kan lè rẹ̀ débi pé kò lè gbé dróònù ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kó má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Òmíràn lè fò fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún ní ọ̀sán, kó gbiná lórí tábìlì lálẹ́. Ẹni tó bá fi iye ìṣẹ́jú nìkan wọn bátìrì ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, kò tíì fọwọ́ kan èkejì.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Bátìrì lítíọ́mù, tí Sony kọ́kọ́ gbé wọ ọjà ní 1991, tí iṣẹ́ tó bí i sì mú kí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, ní ojú méjì. Ojú kan jẹ́ èédú tí wọ́n tẹ́ sórí bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú kejì jẹ́ àpòpọ̀ irin tí wọ́n tẹ́ sórí alumíníọ̀mù. Lítíọ́mù ń ti ojú kan lọ sí èkejì nígbà tí a bá ń gba iná sí i, ó sì ń padà bọ̀ nígbà tí a bá ń lò ó. Rọ́bà fẹ́lẹ́ kan ló pààlà sáàárín wọn, omi kan sì rin gbogbo rẹ̀. Omi yìí kì í ṣe ásíìdì bíi ti bátìrì mọ́tò. Ohun tó lè jó ni.

Láti ọjọ́ tí bátìrì ti kúrò nílé iṣẹ́ ni awọ tín-ín-rín kan ti ń hù lójú èédú yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé lítíọ́mù mì, tó sì ń fún ọ̀nà tí iná ń gbà. Ogbó lásán nìyẹn. Kò sí bátìrì tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, à báà lò ó, à báà má lò ó, ohun tó sì ń fà kò ju àárẹ̀ lọ. Ohun tó ń sọ bátìrì di eléwu tún yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti já lulẹ̀ pẹ̀lú dróònù, tí igun rẹ̀ kan tẹ̀ wọlé. Ó lè jẹ́ pé ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ ti rọ iná kọjá 4.2 fóòtì sínú sẹ́ẹ̀lì kan, tàbí kọjá 4.35 fún irú èyí tí Phantom 4 àti Mavic Pro ń lò. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n lò ó gbẹ, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí fún oṣù mélòó kan. Bí fóòtì sẹ́ẹ̀lì bá ti wálẹ̀ jù, bàbà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi náà. Nígbà tí a bá tún gba iná sí i, bàbà yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, á sì di afárá láàárín ojú méjì tí kò gbọdọ̀ fara kanra. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí ṣájà bá kọ̀ láti gba iná sí, nítorí pé ó ti gbẹ jù, fi yẹ kí a gbà pé ṣájà mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn tó máa ń fi wáyà jí irú rẹ̀ dìde láti ara bátìrì mìíràn, tí wọ́n sì ń yọ̀ pé ó ti sọjí, kò mọ ohun tí wọ́n jí.

Bí ojú méjèèjì bá fara kanra, ooru á mú ibẹ̀. Ní nǹkan bí 130°C ni rọ́bà tó pààlà sábà máa ń yọ́. Láti ibẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì á máa dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ju èyí tó lè tú jáde lọ, ojú kejì á máa tú ọ́síjìn sílẹ̀, omi inú rẹ̀ á sì gbiná. Iná tó ní ọ́síjìn tirẹ̀ nínú kò bìkítà bóyá a fi aṣọ tútù bò ó.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀tá bátìrì tó le jù kì í ṣe fífò, ooru ni. Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ bátìrì sábà máa ń tọ́ka sí. Bátìrì lítíọ́mù tí a fi pamọ́ fún ọdún kan ní 25°C, pẹ̀lú iná tó tó 40%, á ṣì ní nǹkan bí 96% agbára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà. Bí a bá fi pamọ́ pẹ̀lú iná tó kún dẹ́múdẹ́mú, á bọ́ sí 80%. Ní 40°C, èyí tó ní ìwọ̀nba iná á ní 85%, èyí tó kún á ní 65% péré. Ní 60°C, èyí tó kún á ti wálẹ̀ dé 60% láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ wá wo yàrá abẹ́ páànù ní oṣù kejì, tàbí mọ́tò tí wọ́n gbé sójú oòrùn lójú ọ̀nà Ìgólò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àpò dróònù nínú rẹ̀. Inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè kọjá 60°C.

Àṣà kan wà tó ń pa bátìrì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ayàwòrán á gba iná kún bátìrì mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta. Á lo ẹyọ kan àti ààbọ̀. Ìyókù á padà sínú àpò bí ó ṣe kún, títí ìnáwó mìíràn á fi dé. Bátìrì DJI tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú máa ń tú iná tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, kó má bàa wà ní kíkún. Bátìrì lítíọ́mù lásán tí wọ́n ń pè ní LiPo, èyí tí àwọn tó ń kan dróònù fúnra wọn ń lò, kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Bí a kò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 3.8 fóòtì fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìdajì.

Ooru yìí ló tún jẹ́ kí n máa fura sí bátìrì "tuntun nínú páálí". Bátìrì Mavic Pro tí wọ́n ṣe ní 2017, tó jókòó sínú ìsọ̀ gbígbóná ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu tàbí ní Èkó láti ìgbà náà, kò tíì fò rí lóòótọ́. Ogbó rẹ̀ ti pé síbẹ̀. Bí olùtajà kò bá jẹ́ kí ẹ tú u kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti fóòtì tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Nípa kíka iye ìgbà tó ti gba iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Iye tí àwọn tó ń fo dróònù kékeré sábà máa ń dárúkọ ni 200 sí 300, nígbà tí DJI fúnra rẹ̀ fi 1,000 ìgbà ṣe àdéhùn fún bátìrì dróònù T30 tó ń fọ́n oògùn sóko. Ìlò yàtọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn yàtọ̀. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń gbé bátìrì tó ti gba iná ní 40 ìgbà péré ga bí ọmọge, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ló fi wà lábẹ́ páànù. Iye yẹn wúlò láti fi yan èyí tí a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú bátìrì márùn-ún. Kò lè dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Wíwú ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á sọ pé bátìrì LiPo máa ń wú díẹ̀ bí ó bá gbóná láti òkè dé, á sì padà sípò bí ó bá tutù, àti pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ti fò fún ọdún gbọọrọ láìṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣe é ní tiwọn á sọ pé wíwú èyíkéyìí, ẹ dá a dúró. Ohun tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ yẹn ń sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tó yẹ kí a wò kì í ṣe bí ó ṣe wú tó nígbà tó gbóná. Bí ó bá ti tutù pátápátá, bóyá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó ṣì wú, afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Omi inú rẹ̀ tó ń bàjẹ́ ló di afẹ́fẹ́ náà, àwọn ẹ̀yà kan lára rẹ̀ sì lè gbiná. Ó tún ń ti àwọn ojú inú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ara wọn. Iná á wá máa gba apá kan ju apá kejì lọ, lítíọ́mù á sì lè máa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Èyí kọjá àárẹ̀. Ìbéèrè kejì ló ń dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni rárá.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé bátìrì tó tutù sórí díńgí tàbí táìsì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀. Bí ó bá ń mì tàbí tó ń yí bí òòyì, ó ti wú. Ti Phantom wà nínú páálí rọ́bà líle, nítorí náà ojú kò lè rí i. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, nígbà tí bátìrì tó ti ń wọlé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ti Mavic burú jù fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé bátìrì tó wú lè ti ara rẹ̀ kúrò lójú ìhámọ́ra tó dì í mú, kó sì tú kúrò lókè. Òórùn náà jẹ́ àmì: bí ẹ bá gbọ́ òórùn dídùn kan tó jọ ti omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, omi inú sẹ́ẹ̀lì ti ń jò. Ní ti àwọn tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí i, n kò mọ ìmọ̀ràn mìíràn tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àmì tó kàn jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kà sí pàtàkì jù lẹ́yìn wíwú. Bátìrì Mavic Pro ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta nínú, ti Phantom 4 ní mẹ́rin. Áàpù dróònù ń fi fóòtì ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, bí a bá wọ ibi tí ó wà. Nígbà tí bátìrì bá kún tó sì ti sinmi, ìyàtọ̀ láàárín wọn kò yẹ kó ju nǹkan bí 0.03 fóòtì lọ. Bí ó bá dé 0.1 lórí ìsinmi, sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ wá ṣe ìdánwò tó gba sùúrù: ẹ gba iná sí bátìrì náà dé nǹkan bí ìdajì, ẹ kọ fóòtì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tó tutù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún wò ó. Bí gbogbo wọn bá jọ wálẹ̀ díẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹyọ kan bá dá wálẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, iná ń jò nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn láìsí ẹni tó lò ó. Afárá kékeré kan ti wà láàárín ojú méjèèjì. Irú bátìrì yìí ṣì lè fò dáadáa. Òun gan-an ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé ó lè fò ní ọ̀sán kó gbiná lálẹ́, nítorí pé ìgbà tí a bá ń rọ iná sí i ni afárá yẹn máa ń rí agbára.

Láti mọ agbára rẹ̀ báyìí, ìyẹn ìbéèrè àkọ́kọ́, kò sí ohun tó tó kí a jẹ́ kó ru ẹrù. Bátìrì tó ń sinmi lè fi ara rẹ̀ hàn bí akọni. Ṣájà mìíràn wà tó ń wọn ìdènà inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní mílíóòmù. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ kọ iye tó wà nígbà tí bátìrì ṣì jẹ́ tuntun, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní irú àsìkò kan náà, nítorí pé òtútù ọyẹ́ ń gbé iye náà sókè. Nígbà tó bá di ìlọ́po méjì iye àkọ́kọ́, bátìrì ti sún mọ́ ilé. Ẹni tí kò ní irú ṣájà bẹ́ẹ̀ lè gbé dróònù dúró ní gíga mítà méjì lórí ilẹ̀ pápá tí ènìyàn kò sí, kó má lọ síwájú kó má lọ sẹ́yìn, kí ó máa wo fóòtì sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 3.5 láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nígbà tí ìwọ̀n iná ṣì ń sọ pé 80%, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì kan bá rì sẹ́yìn àwọn yòókù ní kété tí a bá fún un ní agbára láti gòkè, ó ti hàn. Kí ó jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí iná á fi kù 30%, kí ó ka ìṣẹ́jú. Mavic Pro tuntun ń dúró lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 kí iná rẹ̀ tó tán pátápátá, nítorí náà ohun tí a ń retí títí dé 30% kéré sí ìyẹn. Èyí tí kò lè ṣe ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iye ìṣẹ́jú tó ń ṣe nígbà tó jẹ́ tuntun kò yẹ lórí àwọn ènìyàn mọ́, bí kò tilẹ̀ wú.

Mo tẹnu mọ́ orí àwọn ènìyàn nítorí pé Phantom 4 wọ̀n tó nǹkan bí kílò kan àti irinwó gíráàmù. Bí ó bá já láti àádọ́ta mítà tí afẹ́fẹ́ kò dín in kù, eré tó máa fi kan ilẹ̀ ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Lábẹ́ àgọ́ ìgbéyàwó, kò sí ẹni tó máa béèrè iye ìgbà tí bátìrì náà ti gba iná.

Ìwọ̀n tó wà lójú áàpù pàápàá kò ṣeé gbára lé tán. Ní oṣù kẹwàá 2018, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo Matrice 200 àti Inspire 2 pẹ̀lú bátìrì TB50 àti TB55, pé iná ti kú lójijì lókè mọ́ àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀rọ ń sọ pé iná ṣì kù. Dróònù àwọn ọlọ́pàá àti panápaná nìyẹn, kì í ṣe ohun ìṣeré, kọ̀ǹpútà inú bátìrì ni DJI sì ní láti tún ìlànà rẹ̀ ṣe. Ọdún méjì ṣáájú, ní oṣù kọkànlá 2016, ilé iṣẹ́ GoPro gba nǹkan bí 2,500 dróònù Karma padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á nítorí pé iná ń kú lókè. Nígbà tí wọ́n wádìí, sẹ́ẹ̀lì kò ní àléébù kankan, ohun tó di bátìrì mú ni kò dì í mú dáadáa. Nítorí náà, ṣáájú kí a tó dá bátìrì lẹ́bi, ẹ wo ìhámọ́ra rẹ̀ àti ẹnu tí iná ń gbà jáde. Ọ̀rinrin tiwa ń mú kí ẹnu yẹn dípẹtà, ẹrùpẹ̀ pupa sì ń wọ ibẹ̀.

Nígbà tí ojúlówó bá wọ́n, àtúnṣe ló kù. Àwọn kan máa ń tú bátìrì, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó kú, wọ́n á fi èyí tí wọ́n yọ lára òmíràn dípò rẹ̀, wọ́n á sì pa iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kọ sílẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ àwọn kan mọ́ nínú iṣẹ́ yìí, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì àgbà àti sẹ́ẹ̀lì ọmọdé tí a so pọ̀ kì í jọ kún, wọn kì í jọ gbẹ. Èyí tó rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbẹ jù, òun náà ló ń kọ́kọ́ kún jù. Ìlú New York rí ohun tí èyí lè dà, lára kẹ̀kẹ́ oníná tí àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ń gùn: ní 2023 nìkan, iná 268 ló ṣẹ́ níbẹ̀ láti ara bátìrì lítíọ́mù, ènìyàn 18 sì kú. Ní ọdún kan náà ni òfin ìlú náà sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi sẹ́ẹ̀lì tí a yọ lára bátìrì àlòkù to òmíràn tà. Ní tèmi, bátìrì tí wọ́n tún tò lè tan gílóòbù. N kò ní fi í gbé nǹkan kan lọ sókè.

Ẹni tí kò ní láti ṣe gbogbo ìdájọ́ yìí fúnra rẹ̀ wà o. Ní Kútọnu, àwọn oní-zẹ́míjàn tó ń gun alùpùpù oníná Spiro, tó bẹ̀rẹ̀ ní Benin ní 2022 pẹ̀lú orúkọ M Auto, kì í ní bátìrì tiwọn. Wọ́n ń pàrọ̀ èyí tó tán sí èyí tó kún ní ibùdó, ilé iṣẹ́ ló sì ń mọ èyí tó ti gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zipline, tó ń fi dróònù gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ní Rùwáńdà láti 2016 àti ní Gánà láti 2019: ibùdó ló ń gba iná sí bátìrì, ibùdó ló sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni ayàwòrán Banigbé kò ní. Àmọ́ ohun tó wà nínú ọgbọ́n wọn kò ju ìtàn bátìrì lọ, ìtàn sì ṣeé fi bíírò kọ sórí pílásítà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: ọjọ́ tí a rà á, ọjọ́ tó já lulẹ̀, ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn tó ra àlòkù kò rí ìtàn yẹn rà mọ́ ọn, nítorí náà ìdánwò tiwọn gbọ́dọ̀ le ju ti ẹni tó ra tuntun lọ.

Ibi tí a ti ń gba iná sí i ni ó tún kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn ìwé ìlànà òyìnbó. Ojú títì Ifangni dé Ìgólò kún fún ìgò àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kpayo, ilé mìíràn sì wà tí epo náà ń sùn nínú yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, iná gba ibi tí wọ́n kó irú epo yìí pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n sì kú. Bátìrì kọ́ ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí. Iná tó wà nínú bátìrì Phantom 4 tó kún jẹ́ 81 wáàtì-wákàtí (Wh). Lítà epo bẹntiróòlù kan ní bí 9,400 Wh. Èyí túmọ̀ sí pé iná inú bátìrì náà kò ju agbára epo ṣíbí tíì méjì lọ. Epo kò lè dá ara rẹ̀ tàn; bátìrì tó bàjẹ́ gbé ìṣáná tirẹ̀ dání. Nítorí náà, ẹni tó ń ta kpayo nínú ilé kò gbọdọ̀ gba iná sí bátìrì àgbà nínú ilé kan náà, bí bátìrì náà ti wù kó dára tó.

Ìkòkò amọ̀ ńlá, tàbí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí a tò yí ká lórí ilẹ̀ lásán ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ìbòòji, dára ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ má dé ìkòkò náà pa. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tó ti òkè dé tutù kí ẹ tó gba iná sí i. Ju 40°C lọ, kò yẹ kó gba iná rárá. Ẹ má gba iná sí i nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Bí èéfín bá jáde, ẹ pa iná láti orísun, kí ẹ kó àwọn ènìyàn kúrò, nítorí pé èéfín yẹn ní májèlé tó ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má gbé e lọ́wọ́ sáré. Yanrìn lè dá iná dúró kó má ràn, kò lè pa ooru inú sẹ́ẹ̀lì. Omi púpọ̀ ló ń mú un tutù, bí kò bá ti sí epo nítòsí.

Bátìrì tó bá kùnà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pín wọn. Èyí tó rẹ̀ lásán, tí kò wú, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò jò, tí kò já lulẹ̀ rí, ṣì lè tan iná rédíò tàbí gílóòbù kékeré fún ọdún mélòó kan, bí a bá ń fi ṣájà tirẹ̀ gba iná sí i. Èyí tó wú tàbí tó ń jò kò ní iṣẹ́ kankan mọ́, kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú: òfin ọkọ̀ gbà kí èrò gbé bátìrì tí kò ju 100 Wh lọ sínú yàrá èrò, ṣùgbọ́n kò gba èyí tó bàjẹ́ rárá. Ẹ tú iná inú rẹ̀ kúrò. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń tún rédíò ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: gílóòbù ẹ̀yìn alùpùpù, ti 12 fóòtì, tí a so mọ́ bátìrì oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ní ìta gbangba, á fa iná náà jáde jẹ́jẹ́, oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin á gba gílóòbù méjì tí a so tẹ̀ lé ara wọn. Kọ̀ǹpútà inú bátìrì DJI á dá a dúró kó tó gbẹ tán, ìyẹn náà dára ju kíkún lọ. Omi iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rì í sí, tí wọ́n sì gbà gbọ́, kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ irin ẹnu bátìrì kí iná inú sẹ́ẹ̀lì tó jáde, ẹni tó bá yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta á sì rò pé ó ti kú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló dí. Kò yẹ kí bátìrì náà bọ́ sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, kò sì yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣa irin. Ẹni tó bá ń lọ sí Kútọnu lè gbé e lọ fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù níbẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi sẹ́lótéèpù dí ẹnu rẹ̀ tó sì ti sọ fún wọn gbangba pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wú.